Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní Houston: ẹ gbé pátákó olówó sọgúndógójì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí èmi náà ń dáwó sí lóṣooṣù, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn.

Ní ọjọ́ àríyá ẹgbẹ́ wa tó kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún èrò, pátákó ìpolówó kan dúró síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni tó bá nílò owó kó máa bọ̀, pé owó á bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo béèrè, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó gbé pátákó náà wá ló san owó àgọ́ àti owó àga. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e. Èsì tí ẹ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ ní gbèsè oníkálukú, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, a sì lo wákàtí kan gbáko níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní ibi lọ́kàn. Owó ẹgbẹ́ kò tó, ẹnìkan ní òun máa ràn wá lọ́wọ́, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó bínú sí mi.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Ilé mẹ́ta ni mo máa ń dé lóòjọ́, láti Alief títí dé apá Katy, ẹ sì mọ Houston: ẹni tí kò ní ọkọ̀ ní ìlú yìí kò níṣẹ́. Jíà ọkọ̀ mi kọṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mẹkáníìkì ní kí n wá $500 kí òun tó fọwọ́ kàn án. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí owó iṣẹ́ mi wọlé, owó ilé sì ti gbá àkáǹtì mi mọ́.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Highway 6. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà yẹn bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó gba ìwé owó iṣẹ́ mi, ó gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó sì yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n máa tọwọ́ bọ̀wé. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, mo ti ń ka owó. Mo rí i lórí ìwé náà pé èlé tí mo máa san fún ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ $1.92. Inú mi dùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ owó mìíràn tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́ wọn: $125.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, $626.92 ni wọ́n ń retí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ọmọbìnrin yẹn ní kí n má dààmú, kí n san $126.92 péré, wọ́n á sún ìyókù síwájú. Mo san án. Ọ̀sẹ̀ méjì tún pé, mo tún san án. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo san án bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $634.60, ojú owó tí mo yá sì wà ní $500 gééré, kọ́bọ̀ kan kò yọ níbẹ̀. Àjọ tí èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa ń dá ló wá kàn mí, òun ni mo fi gba ara mi sílẹ̀ nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Nígbà tí mo jókòó ṣírò gbogbo rẹ̀, $1,261.52 ni mo san lórí $500, láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún irú owó yìí, sọgúndógójì. Tèmi kò tilẹ̀ dúró ní ogójì. Ogún tèmi di àádọ́ta, ó tún lé.

2. Ọgbọ́n tó wà nídìí $1.92 yẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, nítorí èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń tọwọ́ bọ̀wé. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ yẹn kọ́ ló yá mi lówó. Alárinà ni. Ní Texas, òfin ń pè wọ́n ní Credit Access Business, CAB ni wọ́n máa ń gé e kúrú sí. Ẹlòmíràn tí ojú mi kò rí ló ni owó. Olówó yẹn ló ń gba èlé, èlé rẹ̀ kì í sì í ju 10% lọ lọ́dún, torí ìwé òfin ìpìlẹ̀ Texas fi 10% ṣe òdiwọ̀n fún ẹni tí òfin mìíràn kò bá fún láyè láti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ni láti mú oníbàárà mọ olówó, kó sì ṣe onídùúró fún un. Bí oníbàárà kò bá rí owó san, onídùúró á san án fún olówó, á wá kọjú sí oníbàárà. Owó ìlàjà àti owó ìdúró yìí ni wọ́n pa pọ̀ tó di $125. Òfin Texas kò sì sọ iye tí owó yẹn kò gbọdọ̀ kọjá. Iye tó bá wu ṣọ́ọ̀bù ló lè kọ síbẹ̀.

Ní 2004, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ tí ẹjọ́ Texas wà lábẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, nínú ẹjọ́ Lovick v. Ritemoney, pé owó tí alárinà bá gbà kì í ṣe èlé lójú òfin Texas. Bó ṣe rí nìyẹn. $1.92 ni èlé. $125 kì í ṣe èlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, tí ẹ fi ṣírò ọdún kan, ó lé ní 660%. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ ìṣírò yẹn síwájú oníbàárà, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú mi, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí jáàkì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kì í wo ìṣírò ọdún. Iye tó máa gbé jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn bàbá yín. Ẹni tó bá yá owó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ oko tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Ì báà ro oko fún ọdún mẹ́wàá, ojú owó kò dín, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó náà dé ní odidi. Ohun tí mo ń ṣe lọ́sẹ̀ méjì-méjì nìyẹn. Mo ń wẹ arúgbó, mo ń pààrọ̀ ibùsùn, mo ń wakọ̀ nínú òjò láti Alief dé Katy, ìwọ̀fà ni mo ń ṣe fún ẹni tí n kò mọ̀ rí.

3. Wọ́n dá ọ̀nà yìí ni. Kò ṣèèṣì là.

Òfin tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin yìí, Chapter 393 nínú ìwé òfin ìnáwó Texas, ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1987. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú pé àwọn á bá wọn tún àkọsílẹ̀ gbèsè wọn ṣe ni wọ́n tìtorí wọn ṣe é. Nígbà tó di 2005, àjọ FDIC tó ń mójú tó àwọn báńkì fún okùn mọ́ àwọn báńkì tó ń ṣe agbódegbà fún owó ọlọ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí mo yá. Bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ń tì, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù yà sí ilẹ̀kùn alárinà tí àwọn kan ti ń gbà tẹ́lẹ̀ nínú òfin 1987, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ní 2011, àwọn aṣòfin ní Austin, olú-ìlú Texas, ṣe òfin méjì lé e, HB 2592 àti HB 2594, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012. Láti ìgbà náà, CAB gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba Texas tó ń mójú tó àwọn ayánilówó, tí wọ́n ń pè ní OCCC, ó gbọ́dọ̀ lẹ iye tó ń gbà mọ́ ibi tí ojú á ti rí i, ó sì gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé tó fi owó rẹ̀ wé oríṣi owó-yíyá mìíràn. Ó dára. Ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n ń gbà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí ẹkùn máa kéde kó tó pa ẹran.

4. Ẹ mọ ibi tí ààlà ìlú wà.

Èyí dùn mí jù, torí mi ò mọ̀. Nígbà tí Austin kò ṣe é, àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òfin tiwọn kalẹ̀. Dallas ló ṣíwájú ní 2011, Houston dìbò fún tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2014. Ìlú tó ti ṣe irú rẹ̀ ní Texas lé ní 40. Òfin Houston sọ pé owó tí wọ́n yá ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá 20% owó tó ń wọlé fún un lóṣù. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, àti pé nígbà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ojú owó gbọ́dọ̀ lọ.

Mo fi ìwé tèmi ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ lábẹ́ òfin yẹn ni mo ti yá $500 náà, ní iye kan náà tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa san, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ $817.30, gbèsè á sì ti tán ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ó ṣì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó ń parí.

Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi? Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ wà lẹ́yìn odi ìlú. Àdírẹ́sì tó wà lára gíláàsì rẹ̀ kọ Houston, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú Houston. Kántì, ìyẹn ìjọba àgbègbè tó yí ìlú ká, ló ni ibẹ̀, kántì kò sì ní agbára láti ṣe irú òfin yẹn. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń gbé báyìí: apá Richmond, apá Katy, apá Cypress. Mélòó nínú wọn ló mọ̀ bóyá òpópónà tí wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́ wà nínú ìlú tàbí lẹ́yìn odi? Èmi wakọ̀ kọjá ààlà yẹn lójoojúmọ́, n kò rí i rí.

5. Ti ìwé ọkọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí èyí torí kò ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n arákùnrin kan nínú wa ti fi ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dógò. Ó sanwó, ó sanwó, oṣù kan ló kùnà. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ láàárọ̀ kùtù, àga ọmọ kékeré ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń kó èrò jẹun. Wọ́n gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún gba ohun tó ì bá fi san án.

6. Ìbẹ̀rù ló ń pa àwọn ènìyàn wa mọ́ ẹnu.

Ìyá kan ní ìjọ wa sanwó fún oṣù márùn-ún, kò sọ fún ọkọ rẹ̀, torí ẹnìkan pè é lórí fóònù pé ọlọ́pàá máa wá mú un. Ó rò pé wọ́n á gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ òun. Ó ń san $126 lórí irọ́.

Ẹ bá mi ka èyí sókè ní ìpàdé, ẹ bá mi ka á ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí: ìwé òfin ìpìlẹ̀ Texas sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. CAB kò sì gbọdọ̀ fi ẹjọ́ ọ̀daràn halẹ̀ mọ́ oníbàárà tí kò lu jìbìtì. Òfin ní kí wọ́n kọ èyí sínú ìwé àdéhùn gan-an. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ kìíní: ẹni tó bá tọwọ́ bọ ìwé alárinà ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá a padà. Ká ní mo mọ̀ ni, àbúrò mi ní Dallas ti fẹ́ fi $300 ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì.

7. Ẹ ní kò síbòmíràn tí wọ́n á ti rí owó yá.

Bàbá kan nínú yín sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìpàdé, n kò sì fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé báńkì ńlá kì í dá ẹni tó fẹ́ yá $500 lóhùn. Òótọ́ ni pé ọmọbìnrin ẹ̀yìn káńtà yẹn dá mi lóhùn nígbà tí n kò ní ẹni tí mo lè pè láàárín òru.

Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà. Àwọn credit union, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní oríṣi owó-yíyá kan tí wọ́n ṣe láti fi rọ́pò èyí. Ènìyàn lè yá láti $200 sí $1,000 níbẹ̀, èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 28% lọ lọ́dún, owó fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ ju $20 lọ. Ká ní ibẹ̀ ni mo ti yá $500 tèmi, tí mo san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, èlé àti owó fọ́ọ̀mù lápapọ̀ kò ní tó $65. Ẹ fi wé $761.52 tó jáde lọ́wọ́ mi lórí ojú owó. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Community Loan Center, tó bẹ̀rẹ̀ láti àfonífojì Rio Grande níbí ní Texas. Ó ń gba ọwọ́ ibi iṣẹ́ ẹni yáni lówó, títí dé $1,000, ní èlé 18%.

Àwọn ológun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin fún wọn pé owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wọn lórí irú gbèsè báyìí, ti alárinà pẹ̀lú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 36% lọ lọ́dún. New Mexico tó múlé ti Texas fi 36% yẹn ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo aráàlú láti oṣù kìíní 2023. Arkansas kò gbà ju 17% lọ rárá. Wọn kò kú, wọ́n ń yá owó, wọ́n ń tún ọkọ̀ wọn ṣe.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwa tí a ń dá àjọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ìyá wa fi èésú kọ́lé, tí wọ́n fi rán wa níwèé dé Amẹ́ríkà, ṣé àwa ló yẹ kí alárinà wá san owó àgọ́ fún?

8. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ owó ọlọ́sẹ̀ méjì tàbí ti ìwé ọkọ̀ mọ́, ì báà ṣe fún àgọ́, fún ìwé ètò tàbí fún rédíò. Kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́. Bí owó àga kò bá pé, ẹ ké sí wa, a máa gbé àga láti ilé.

Ẹ yọ $10,000 sọ́tọ̀ nínú owó gbọ̀ngàn tó wà ní báńkì, tí a ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí tí a kò tíì rí ilẹ̀ rà. Ẹ fi ṣe owó ìdáǹdè. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti ń dáwó fún oṣù mẹ́fà lè yá títí dé $500 níbẹ̀, láìsí èlé, kí ẹni méjì ṣe onídùúró rẹ̀, kó sì san án láàárín oṣù mẹ́fà. Ogún ènìyàn ni $10,000 máa tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dá a padà, ogún mìíràn á tún bọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà yín pé àwọn kan kò ní san. Àwọn obìnrin ìjọ wa ti dá àjọ fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹnìkan kò tíì sá lọ.

Ẹ pe credit union kan wá sí ìpàdé kó wá forúkọ àwọn tó bá fẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò tó wà láàárín wa, wọ́n sì pọ̀, kọ ojú ìwé kan péré ní èdè Yorùbá lórí ohun tí mo kọ sí orí kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà lókè yìí.

Lákòótán, Austin. Ní gbogbo ọdún tí ònkà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì ni àwọn aṣòfin Texas ń jókòó, láti oṣù kìíní, fún ọjọ́ 140. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í pa ọjọ́ kan jẹ níbẹ̀. Àwa kì í lọ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni a máa ń gba bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ìsìnkú ní Dallas. Ẹ gba bọ́ọ̀sì kan lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni kí a bá wọn sọ: owó alárinà àti èlé, kí wọ́n kà á papọ̀, kó má ju 36% lọ lọ́dún. Mo máa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo máa tẹ̀ lé yín, mo sì máa sọ tèmi níwájú wọn.

Ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Mo máa tètè dé. Rìsíìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ mi, mo máa tò wọ́n sórí tábìlì kí ẹ tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí akọ̀wé ka iye tó wà lára wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí.

Èmi ni,
Ọmọ yín, ọmọ ẹgbẹ́ yín, ní Alief